Ó ń fún oníbàárà ní ṣenji láìṣì, àmọ́ 35 ló kọ síbi 52 − 27

Ìbéèrè: Tíṣà, okun o. Ìlú Ìyàrá ní Ìjùmú, nílẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogí, ni mo wà, gààrí àti ẹ̀wà ni mò ń tà. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún mẹ́jọ, pírámárì kẹta ló wà. Bí mo bá fi í sídìí ọjà, á wọn múdù, á gba owó, á fún oníbàárà ní ṣenji, kò sì ṣì í rí. Ṣùgbọ́n ìyọkúrò ti ilé ìwé fẹ́ pa á. Wọ́n ní kó ṣe 52 − 27, 35 ló kọ. Wọ́n fi bírò pupa fà á, wọ́n sì kọ “olódo” síbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní ká má sọ Yorùbá sí i mọ́, pé èdè ilé ló ń dí i lọ́wọ́. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Okun o, màmá. Ẹ kú ọjà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ ná, ká kọ́kọ́ wo 35 yẹn dáadáa. Olódo kì í kọ 35. Ọmọ tí kò mọ ohun tó ń ṣe á kọ 81, á kọ 12, tàbí kó fi àyè sílẹ̀ kó máa jẹ ìdí pẹ́ńsù. Ẹni tó kọ 35 ń tẹ̀lé òfin kan, ó sì tẹ̀ lé e dópin. Òfin náà ni kò dáa. Iṣẹ́ tó kù fún àgbàlagbà ni kó mọ òfin tó jẹ́.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, nítorí ọ̀nà méjì ló gba ibi tó yàtọ̀ dé 35 kan náà. Nínú ọ̀kan, ọmọ wo ipò ẹyọ, ó rí 2 lókè, ó rí 7 nísàlẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un tipẹ́ pé a kì í yọ ńlá kúrò nínú kékeré, nítorí náà ó dojú ọ̀rọ̀ dé: 7 yọ 2, ó ku 5. Ó bọ́ sí ipò ẹ̀wá: 5 yọ 2, ó ku 3. Nínú èkejì, ọmọ rántí pé wọ́n ní kóun yá ọ̀kan wá. 2 di 12. 12 yọ 7, ó ku 5. Ó yá nǹkan tán, ó gbàgbé pé àpò ẹni tó yá a ti dín, ó tún yọ 2 kúrò nínú 5. Ó ku 3. Àìsàn méjì, ibà kan náà. Bírò pupa kò lè sọ èyí tó ń ṣe ọmọ.

Lálẹ́ òní, lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ fún un ní méjì míì: 83 − 46 àti 60 − 24. Ẹ má tì í lẹ́yìn, ẹ má mirí. Bó bá kọ 43 àti 44, òfin kìíní ló ń bá a jà, ó ń yọ kékeré kúrò nínú ńlá níbikíbi tí wọ́n bá wà. Bó bá kọ 47 àti 46, ó ti mọ̀ ọ́n yá, kò kàn mọ ibi tí ohun tó yá ti wá. 37 àti 36 ló tọ̀nà. Bó bá kọ 43 síbi àkọ́kọ́, tó wá kọ 46 síbi kejì, ẹ má jáyà. Ọmọdé lè gbé òfin kan jù sílẹ̀ kó mú òmíràn kí inú ìkòkò tó hó.

Èyí kì í ṣe àròsọ tèmi nìkan. Ní 1978, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, John Seely Brown àti Richard Burton, to irú àwọn òfin tí kò dáa báyìí jọ sínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà á ṣe bí ọmọ tó ń ṣì, tíṣà á sì máa wá ohun tó ń ṣe é. Ohun tí iṣẹ́ wọn fi hàn ni pé àṣìṣe ọmọdé nínú ìyọkúrò sábà máa ń ní ìlànà. Ọmọ tó ń ṣì lónìí lè ṣì bẹ́ẹ̀ lọ́la, bó ti wù kí ẹgba pọ̀ tó.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi náà. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà, mo máa ń dá ìyọkúrò bí orin ni: “Kò ṣeé yọ! Lọ yá ọ̀kan wá nílé kejì!” Gbogbo kíláàsì á gbè é. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kékeré kan nawọ́. Ó ní, “Tíṣà, ìgbà wo la máa dá a padà?” Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó jókòó. Alẹ́ ọjọ́ yẹn lọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ mí lára. Ọmọ ọlọ́jà ni. Nílé tiwọn, gbèsè ni gbèsè ń jẹ́. Èmi wá ń kọ́ wọn lójoojúmọ́ pé èèyàn lè yá nǹkan kó má sì san án láéláé, mo sì tún ń bínú pé ọ̀rọ̀ náà kò yé wọn.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé a kò yá nǹkan kan. Owó wa ni, a kàn ṣẹ́ ẹ ni. Ẹ wò ó báyìí. Ẹ ní ẹgbẹ̀rún náírà márùn-ún lọ́wọ́, ẹ tún ní ọgọ́rùn-ún náírà méjì. Ẹ jẹ ẹnì kan ní 2,700. Ẹ fún un ní ẹgbẹ̀rún méjì, ẹ wá fẹ́ fún un ní ọgọ́rùn-ún méje, méjì péré ló wà níbẹ̀. Ta lẹ ó lọ yá owó lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ ó kàn ní kí aládùúgbò bá yín ṣẹ́ ẹgbẹ̀rún kan ni. Ọgọ́rùn-ún mẹ́wàá á bọ́ sọ́wọ́ yín, ẹgbẹ̀rún á dín kan, gbogbo owó yín á sì pé bó ṣe wà. 5,200 − 2,700, ó ku 2,500. Ẹ gé òdo méjì kúrò lẹ́yìn rẹ̀, 52 − 27 nìyẹn. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti lé “yá” kúrò ní kíláàsì mi. “Ṣẹ́ ẹ̀wá kan” ni mò ń wí. Ọmọ yín ti mọ ṣíṣẹ́ owó kó tó mọ ìwé é kà.

Ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ sórí ìwé o. Ẹ wá ìgbálẹ̀ àtijọ́ kan, ẹ ṣẹ́ igi rẹ̀ sí gígùn ìka, ẹ ka ọgọ́rùn-ún, kẹ́ ẹ fi rọ́bà tí a fi ń di owó dì wọ́n ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Àsìkò kajú, àwọn òbí kan máa ń kó kóró rẹ̀ fún ọmọ kà. Ẹ má ṣe é: epo inú èèpo kajú tútù máa ń bó ọwọ́, kóró náà kò sì ṣeé dì. Dídì àti títú ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Mo rántí ọmọkùnrin kan tí mo bá jókòó lábẹ́ igi máńgòrò ní Kábà. Mo gbé ìdì márùn-ún àti igi méjì síwájú rẹ̀. Mo ní, “Fún mi ní mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.” Ó na ìdì méjì sí mi kíákíá. Ó kó igi méjì tó wà lóde lé e. Ó dákẹ́. Ó ku márùn-ún, ó sì mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sórí ìdì kan, ó fà á padà. Ó ní, “Ṣé kí n tú u?” Mo ní, “Ti ta ni?” Ó ní, “Tèmi ni.” Ó já rọ́bà, rọ́bà ta bà mí nímú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó ka márùn-ún fún mi, ó wá wo ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀: ìdì méjì, igi márùn-ún. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ìdì márùn-ún ti dín. Rọ́bà tó já ti sọ fún un.

Ẹ ó rí i pé ìdì ló kọ́kọ́ fún mi, kó tó kan ẹyọ. Ilé ìwé ní láti ọwọ́ ọ̀tún ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má bá ọmọ jà lórí ìyẹn nígbà tí igi bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ka owó ló máa ń bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó tóbi, ọwọ́ ọ̀tún á wúlò tó bá di orí ìwé.

Tó bá ti ń ṣe igi láìrònú mọ́, ẹ gbé ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó ṣe já rọ́bà ni kó fa ìlà lórí 5 kó kọ 4 kékeré sókè rẹ̀, bó ṣe da igi mẹ́wàá sílẹ̀ ni kó sọ 2 di 12. Bí ọwọ́ bá ṣe ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni kí pẹ́ńsù kọ ọ́. Àwọn tíṣà kan kò fẹ́ 4 kékeré yẹn, wọ́n ní ó ń sọ ìwé di jágbajàgba. Ẹ má dá wọn lóhùn, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ ọ́. William Brownell ti yẹ èyí wò ní Amẹ́ríkà. Nínú iṣẹ́ tí òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1949, wọ́n kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ní ọ̀nà ìyọkúrò méjì, àwọn kan pẹ̀lú àlàyé, àwọn kan láìsí àlàyé. Àwọn tí wọ́n kọ́ ní títú ẹ̀wá pẹ̀lú àlàyé ló ṣe dáadáa jù, pàápàá nígbà tí wọ́n gbé ìṣirò tí wọn ò rí rí síwájú wọn.

Ọ̀nà kejì tí Brownell fi wé e, ó ṣeé ṣe kó wà nílé yín. Bí bàbá àgbà bá ń kọ́ ọmọ náà, ẹ tẹ́tí: ṣé ó ń sọ pé “yá a lókè, san án nísàlẹ̀”? Bí bàbá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. 12 yọ 7, 5. Lẹ́yìn náà, 2 ìsàlẹ̀ á di 3, 5 yọ 3, 2. Ó tọ̀nà, ó sì yá. Ìdí tó fi tọ̀nà ni pé a fi mẹ́wàá kún òkè, a sì fi mẹ́wàá kún ìsàlẹ̀, àlàfo àárín wọn kò yí padà. (Ọmọbìnrin tó bi mí ní ìbéèrè yẹn ì bá fẹ́ràn bàbá mi.) Ṣùgbọ́n ọmọ tí tíṣà ń sọ fún pé 5 òkè ti di 4, tí bàbá àgbà ń sọ fún pé 2 ìsàlẹ̀ ti di 3, á ṣe méjèèjì pọ̀ lọ́jọ́ kan: 4 yọ 3, ìdáhùn rẹ̀ á di 15. Ẹ bẹ bàbá àgbà kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún sáà kan.

Ó wá kan ọjà. Ẹ ní kò ṣi ṣenji rí, mo sì gbà yín gbọ́. Ní 1985, àwọn olùwádìí mẹ́ta ní Brazil, Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann, sọ ohun tí wọ́n rí ní ìlú Recife. Wọ́n lọ bá ọmọ márùn-ún tó ń tajà nígboro, wọ́n ń ra nǹkan lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń bi wọ́n ní iye owó. Nínú ọgọ́rùn-ún ìbéèrè, bíi 98 làwọn ọmọ náà ń gbà. Nígbà tó yá, wọ́n kọ ìṣirò kan náà sórí ìwé fún wọn bíi ti ilé ìwé, ó já sí bíi 37. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún méjìlá tó ń ta àgbọn, wọ́n bi í ní iye àgbọn mẹ́wàá, nígbà tí ọ̀kan jẹ́ 35. Kò fi òdo kan sẹ́yìn 35 bí ilé ìwé ṣe ń kọ́ni. Ó ní mẹ́ta jẹ́ 105, mẹ́ta míì jẹ́ 210, ó wá ku mẹ́rin. Ó rò ó títí ó fi dé 350.

Ọmọ yín náà kì í yọ nǹkan kan tó bá ń fúnni ní ṣenji. Ẹ wo ẹnu rẹ̀ lọ́jà ọ̀la. Oníbàárà ra ọjà 650, ó mú 1,000 wá. Ọmọ yín kò ní sọ pé “òdo yọ òdo.” Á mú àádọ́ta náírà lé e lọ́wọ́, ó ti di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, á ka ọ̀ọ́dúnrún lé e, ẹgbẹ̀rún pé. Láti ìsàlẹ̀ ló ti ń gun òkè. Ẹ sọ fún un pé ohun kan náà ni ilé ìwé ń bèèrè: 27 lọjà, 52 lowó, mélòó ni ṣenji? Mẹ́ta á gbé e dé ọgbọ̀n, ogún á gbé e dé àádọ́ta, méjì á parí ẹ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kó máa fi èyí yẹ ìdáhùn orí ìwé wò. Bó bá ti kọ 35, ọjà tó wà lórí rẹ̀ á sọ fún un pé ṣenji ti pọ̀ jù.

Ẹ bá mi kí bàbá rẹ̀, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé mi ò lè gbà pẹ̀lú wọn, àmọ́ ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ wọn.

Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń pe 27: mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ọgbọ̀n tó dín mẹ́ta. Láti ọ̀kan dé mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀wá, a ń lé. Láti márùn-ún dé mẹ́sàn-án, a ti ń dín láti orí èyí tó ń bọ̀. Àádọ́ta gan-an, ọgọ́ta tó dín mẹ́wàá ni. Ní 1887, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tó ń jẹ́ Adolphus Mann kọ nípa bí àwọn baba wa ṣe ń ka owó ẹyọ: wọ́n á da odindi ọ̀kẹ́ kan, ẹgbàá mẹ́wàá, sílẹ̀, wọ́n á máa fa márùn-ún márùn-ún nígbà ogún, á di ọgọ́rùn-ún, méjì rẹ̀ á di igba. Inú bí wọ́n ṣe ń ka owó yìí ni Mann ní ètò orúkọ nọ́ńbà wa ti wá. Ọmọ tó gbọ́ orúkọ yìí dénú ti ní ìyọkúrò lẹ́nu kó tó dé kíláàsì. 52 yọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n: ẹ yọ ọgbọ̀n, ó ku méjìlélógún, a ti fi mẹ́ta yọ jù, ẹ dá a padà, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kò sí pé à ń tú ìdì. 60 − 24 tún dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọgọ́ta yọ ogún, ogójì. Ẹ wá yọ mẹ́rin, kẹ́ ẹ sì pe ìdáhùn: mẹ́rìndínlógójì. Orúkọ náà ni iṣẹ́ tí ẹ ṣe.

Ibi tí bàbá ti ní ẹ̀tọ́ nìyí: orúkọ yìí kò bá bí a ṣe ń kọ ọ́ mu. Ẹ pe mẹ́tàdínlógójì fún ọmọ pírámárì kìíní kó kọ ọ́, ọ̀pọ̀ wọn á kọ 43. Wọ́n gbọ́ mẹ́ta, wọ́n gbọ́ ogójì. Mo ti rí i lójú mi láìmọye ìgbà, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà nítorí rẹ̀. Oògùn rẹ̀ ni kí nọ́ńbà ní orúkọ méjì, bí ọmọ ṣe lè ní orúkọ ilé àti orúkọ ilé ìwé. Nílé, mẹ́tàdínlógójì ló ń jẹ́. Lórí ìwé, ẹ̀wá mẹ́ta àti ẹyọ méje. Ẹ to ìdì mẹ́ta àti igi méje sílẹ̀, kó pe orúkọ méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì náà kò mọ́ tónítóní tó bí wọ́n ṣe rò. “Thirteen” àti “thirty” ń da ọmọ Okun láàmú lójoojúmọ́, “eleven” kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé mẹ́wàá àti ọ̀kan lòun. Ṣáínà ló pè é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ní ti pé kẹ́ ẹ pa Yorùbá tì, ẹ má dán an wò. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, títí kan ìṣirò, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù. Àwọn tí wọ́n fi wé wọn bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kẹrin. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kà á ló ṣe dáadáa jù, nínú ìṣirò àti nínú Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Ọmọ tó ń jìjàdù ohun tí tíṣà ń wí kò ní ọpọlọ tó kù láti fi ronú ibi tí ìdì kan lọ. Bí ohùn Ìjùmú lẹ ń sọ nílé, ohùn Ìjùmú ni kẹ́ ẹ fi ṣàlàyé. Kó kọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti yé e. Ìyẹn kì í pẹ́.

Tíṣà rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má lọ bá a jà. Ọmọ inú kíláàsì á ti pọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ẹ kàn kó igi ìgbálẹ̀ yẹn sínú láílọ́ọ̀nù fún ọmọ, kó mú un dání, kẹ́ ẹ sì fi ìdáhùn 83 − 46 àti 60 − 24 han tíṣà náà. Tíṣà tó bá mọṣẹ́ á rí ohun tó wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ sọ̀rọ̀ jù.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lálẹ́ ti tó, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá tí 43 àti 47 ò yọjú mọ́, ẹ gbé 402 − 178 fún un. Òdo àárín yẹn máa dá a dúró: kò sí ìdì kékeré kankan níbẹ̀ tó lè tú. Ẹ ti gbọ́dọ̀ di ìdì mẹ́wàá-mẹ́wàá papọ̀ sílẹ̀, kó lè já ìdì ńlá kan kó di kékeré mẹ́wàá, kó tó wá mú ọ̀kan nínú wọn já. Ìgbálẹ̀ kan ò ní tó, ẹ wá mẹ́ta sí i, kẹ́ ẹ sì ra rọ́bà púpọ̀.